Táyà Ńlá Tí Mo Fi Ìlara Rà

Ọjọ́ kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ra jíìpù wa. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ló lu àwọn ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ ní gbànjo, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Àwa méjèèjì ti Ìkọ̀lé lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ kùtù. Jíìpù méjì péré ni ẹ́ńjìnnì wọn ṣì ń dáhùn. Àwọ̀ ewé ni méjèèjì, tapólì ló bo ẹ̀yìn wọn, àga onígi méjì sì dojú kọ ara wọn nínú. Kò sí èyí tó sàn ju èkejì lọ. A ò tilẹ̀ jiyàn lórí ẹni tó máa mú èyí tàbí ìyẹn. Ilẹ̀kùn tí oníkálukú kọ́kọ́ ṣí ló wọlé sí, ọkọ̀ náà sì di tirẹ̀.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọgbọọgba ni wá. Àdúgbò kan ni wọ́n ti bí wa, iléèwé ìjọ Áńgílíkà kan náà la lọ, ọ̀gá kan ṣoṣo ló sì kọ́ wa ní ọkọ̀ wíwà. Iṣẹ́ wa kò ju pé kí a máa lọ sí àwọn abà tó wà nínú igbó lẹ́yìn Ìkọ̀lé, kí a kó kòkó, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn wá sí ìgboro. Nígbà ẹ̀rùn, ọkọ̀ tó bá wù ẹ́ lè dé ibẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di jíìpù. Ibi méjì ló máa ń yọ wá lẹ́nu: ẹrẹ̀ kan tó wà létí odò, tó lè gbé ọkọ̀ mì dé ikùn, àti òkè kan tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Òkè Sọ̀kalẹ̀, nítorí pé gbogbo èrò ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè gùn ún.

Fún bí ọdún méjì, bí tèmi ṣe ń rì ni tirẹ̀ náà ń rì. Bí mo bá rì, á wá fà mí. Bí òun náà bá rì, èmi ni màá lọ fà á. Inú wa dùn sí i bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn táyà yẹn dé. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló fi mẹ́rin ránṣẹ́ sí i, lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ wá kó iṣu. Ọ̀rẹ́ mi ránṣẹ́ pè mí kí n wá wò wọ́n. Mo bá wọn níbi tí wọ́n fara ti ògiri ilé rẹ̀. Wọ́n ga ju táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wa lọ dáadáa, àwọn ihò ara wọn sì jìn débi pé ìka mi wọlé dé oríkèé. Òórùn rọ́bà tuntun gba gbogbo iwájú ilé. Ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, mo ní ó dára púpọ̀, mo sì bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, ohun tí mo ń bi ara mi ni pé kí ló dé tí èmi ò fi ní ẹ̀gbọ́n ní Èkó.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò fi gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Mo gbọ́ pé ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìdó, bàbá àgbàlagbà kan tó ti tún ọkọ̀ ńláńlá ṣe fún àwọn tó ń la ọ̀nà nígbà kan rí. Mo rò pé táyà lásán ni wọ́n ń dè. N kò béèrè ohun tó ń pẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé kò sí lójú ọ̀nà, torí gbogbo èrò wá di tèmi.

Ìgbà tó jáde ni wàhálà mi bẹ̀rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rì sínú ẹrẹ̀ etí odò pẹ̀lú èrò mẹ́jọ. A ti já ewé, a ti gbé igi sábẹ́ táyà, àwọn ọkùnrin ti ti ọkọ̀ títí ẹrẹ̀ fi kùn wọ́n dé àyà. Ibẹ̀ la wà tí jíìpù ọ̀rẹ́ mi fi dé láti ẹ̀yìn, tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó sì la ẹrẹ̀ náà kọjá bí ẹni ń kọjá lórí pápá. Kò fi wá sílẹ̀. Ó dúró ní iwájú, ó so ṣéènì mọ́ ọkọ̀ mi, ó sì fà wá yọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn èrò mi wò ó, ó wò mí, ó wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá àyè ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ló bá a lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, èrò bẹ̀rẹ̀ sí dúró dè é. Bí mo bá dé abà kan, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á béèrè àwọn ará ilé, wọ́n á sì ní àwọn ń retí ẹnì kan. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń retí. Lọ́jọ́ kan kùkùté igi gé ọ̀kan lára àwọn táyà náà, ọkọ̀ rẹ̀ sì jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó rí ẹni bá a lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní á à, ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n iyán tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu ju ti gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn lọ.

Gbogbo ìyẹn, mo rí i gbé mì. Èyí tí n kò lè gbé mì ni ti ìyá mi. Ìyá mi ní oko kòkó kékeré kan ní ọ̀kan nínú àwọn abà náà, ọkọ̀ mi ló sì máa ń wọ̀ lọ, ọkọ̀ mi ló máa ń wọ̀ bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ sí oko, mo pàdé jíìpù ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀. Ìyá mi ló jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí itan, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ. Ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà. Mo wakọ̀ lọ díẹ̀, mo dúró lábẹ́ igi kan, mo sì jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo bi ìyá mi léèrè ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní n kò ṣe nǹkan kan. Mo ní ṣé kò rí i pé gbogbo ayé á máa sọ pé ìyá awakọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbà láti wọ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò dá a dúró.

Ó ní, “Ìwọ ni ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn mí, n ò lè máa sọ̀ kalẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tó bá máa gbé mi dé ulé ni mo máa wọ̀.”

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ ra táyà. Èmi àti ìyàwó mi ti ń tọ́jú owó díẹ̀ pamọ́ láti fi páànù bo yàrá ẹ̀yìn. Mo kó o. Mo sọ fún un lẹ́yìn tí mo ti kó o, kò bá mi jà. Ní Adó ni mo ti rí mẹ́rin tí kò tíì gbó, mo sì rí i dájú pé wọ́n fi díẹ̀ tóbi ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ. Èyí tó tóbi bákan náà wà nílẹ̀. Mo wò ó, mo fi í sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì yẹn ní Ìdó ni mo kó wọn lọ. Ó yẹ táyà wò, ó yẹ abẹ́ ọkọ̀ mi wò, ó sì jókòó sórí àpótí rẹ̀.

Ó ní, “Táyà yìí máa wọ̀ ọ́. A máa gé díẹ̀ lára mọ́gáàdì tó bo orí táyà, a máa fi irin gbé sípíríìnì sókè. Wíwọ̀ kọ́ ni wàhálà.”

Ó ní kí n wá wo nǹkan kan. Ó gbé agolo mílíìkì kan àti agolo ọ̀dà kan sílẹ̀, ó fi ẹfun sàmì sí ara méjèèjì, ó sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ilẹ̀. Agolo mílíìkì kò rìn jìnnà. Agolo ọ̀dà rìn lọ dáadáa. Ó ní bí táyà ńlá ṣe máa ṣe nìyẹn: ní ìyípo kan, ilẹ̀ tó máa lọ á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì kan náà ló sì máa ti gbogbo ọ̀nà yẹn. Lójú ẹ́ńjìnnì, á dà bí ìgbà tí wọ́n di ẹrù lé e tí wọn kò sì sọ fún un. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, n kò ní mọ̀. Lórí òkè, kílọ́ọ̀ṣì, tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá, ló máa jìyà rẹ̀. Bíréèkì náà kò ní mú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo béèrè kí ni ṣíṣe. Ó ní kí a pààrọ̀ eyín inú díífù, ìyẹn ìkòkò irin tó wà láàrin ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ń gba agbára lọ́wọ́ gíá fún táyà. Ó ní bí a bá rí eyín tó yàtọ̀ sí èyí tó wà níbẹ̀, tó máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí lọ́pọ̀ ìgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, agbára ọkọ̀ máa padà wá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni jíìpù wa fi ń fà. Díífù kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn, eyín inú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí a bá yí tẹ̀yìn tí a fi tiwájú sílẹ̀, wọn á máa bá ara wọn fà á títí gíá á fi fọ́. Ó ní irú eyín bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀. Mo lè dúró oṣù kan, mo lè dúró méjì.

Mo ní n kò lè dúró. Ó wò mí lójú.

“Lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ ná,” ló wí.

Mo ní kí ló kàn án. Mo ní kí ó de táyà mi fún mi. Bí mo bá ń ronú lé e lónìí, gbogbo ohun tí mo nílò láti mọ̀ ni bàbá náà ti gbé síwájú mi. Ẹnu mi ló wúwo. Láti béèrè ohun kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi lórí ọ̀rọ̀ táyà, lójú mi, ó dà bí ìgbà tí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ padà dé Ìkọ̀lé, mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mi kọ́ nìyẹn. Ó jáde wá, ó pàtẹ́wọ́, ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ dùn sí i, mo rí i pé inú rẹ̀ dùn sí i ní tòótọ́, ìyẹn gan-an sì tún bí mi nínú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí wo abẹ́ ọkọ̀, mo ní mo ń kánjú.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti yàtọ̀. Ẹrẹ̀ etí odò kò tún dà mí láàmú mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti gbé sókè díẹ̀, jíìpù á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, màá já a padà sí gíá kìíní, màá fi kílọ́ọ̀ṣì ràn án lọ́wọ́. Nígbà mìíràn òórùn bí ìgbà tí aṣọ ń jóná á máa jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo máa ń ṣí fèrèsé kí èrò má bàa gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀. Ó rọra wá bá mi, ó ní ó dà bí ẹni pé ohun kan wà tó yẹ kí òun sọ fún mi nípa ọkọ̀ yìí. Mo bi í bóyá ó yẹ kí n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó ra táyà. Ó padà síbi ọkọ̀ rẹ̀, a ò sì sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá mi ni mo fẹ́ kó rí i. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọkọ̀ mi ti yàtọ̀, kò ní nílò láti sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ mọ́. Nígbà tí kòkó rẹ̀ gbẹ, ó gbà. Àpò mẹ́fà ni mo kó sẹ́yìn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá mi sì jókòó níwájú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A la odò kọjá láìsí wàhálà. Ó yìn mí. N kò rántí ìgbà tí inú mi dùn bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ Òkè Sọ̀kalẹ̀, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn láti bọ́ sílẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó jókòó. Mo ní ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àná.

A gun ìlàjì òkè náà. Lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí kérora. Mo tẹ iná, mo ń fi kílọ́ọ̀ṣì ràn án lọ́wọ́, òórùn yẹn dé, èéfín tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì sì ń ké lásán, táyà kò yí mọ́. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Jíìpù dúró díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ sẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì títí mo fi dìde lórí àga, kò mú un. Ní apá òsì wa, gegele ilẹ̀ ni. Ní apá ọ̀tún, ọ̀gbun ni. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọrí sí gegele. Ó kọ lu ilẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Àpò kòkó kan já bọ́, ó sì tú dà sójú ọ̀nà.

Ìyá mi kò pariwo. Ọwọ́ tó fi gbá dáṣíbọọ̀dù mú ti rọ́ ní ọrùn ọwọ́. Ó rọra bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì tún un wé pẹ̀lú ọwọ́ kan. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ń wo kòkó rẹ̀ nílẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí ọ̀rẹ́ mi fi dé láti inú oko. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ di ọwọ́ náà fún un, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi òkúta há táyà mi, ó so ṣéènì, ó sì fà mí gun òkè yẹn tòun ti ẹrù tó kù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbin. Nígbà tí a dé òkè, ó pa iná ọkọ̀, ó wá bá mi.

“Ta ló sọ fún ẹ pé táyà nìkan ni mo pààrọ̀?” ló bi mí. “Kí lo rò pé mo ń ṣe ní Ìdó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Díífù méjèèjì la tú.”

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ fún mi ní ibùdókọ̀. Mo ní mo mọ̀.

A gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì di ọwọ́ náà dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi ní kí a lọ sí Ọ̀tùn. Níbẹ̀ ni òun ti rí jíìpù kan tó ti kú, tó ní irú eyín tí bàbá mẹkáníìkì ń fẹ́, níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní bóyá òmíràn ti dé. A bá òkú jíìpù náà lẹ́yìn ilé kan, koríko ti hù yọ nínú rẹ̀, ihò lásán ló sì ṣẹ́kù níbi tí díífù méjèèjì wà. Ọkùnrin tó ni ín sọ fún wa pé irú rẹ̀ kò sí mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Àwọn tí ọ̀rẹ́ mi kó ni ìgbẹ̀yìn wọn.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, a dúró ní Ìlúpéjú láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Inú ọkọ̀ ni a ti ń jẹ ẹ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ pé láti ọjọ́ tí táyà rẹ̀ dé ni n kò ti ní ìsinmi. Mo sọ pé nígbà tí kùkùté gé ọ̀kan, inú mi dùn. Mo sọ ti ìyá mi. N kò wo ojú rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rẹ́ wa ti parí nìyẹn.

“Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá tèmi kú,” ló wí. “Nígbà tí a bá délé láti iléèwé, ìyá rẹ á máa pè ẹ́ láti wá jẹun, á sì pe èmi náà. Ìwọ ló máa ń kọ́kọ́ pè. Mo máa ń ka iye ìgbà tó pè ẹ́ ṣáájú mi. Ohun tó mú mi máa gbé e síwájú ọkọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe torí owó ọkọ̀, n kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

N kò mọ̀ pé kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. A jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù, a sì wakọ̀ lọ sílé.

Mo ta àwọn táyà ńlá náà fún onílọ́rì kan. Bàbá mẹkáníìkì fi kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí ọkọ̀ mi, ó dá sípíríìnì padà sí bó ṣe wà, ó sì de àwọn táyà àtijọ́ mi padà. Ibi tó gé lára mọ́gáàdì kò ṣeé dá padà, kò sì sẹ́ni tó rí ọkọ̀ náà tí kò béèrè ohun tó gé e. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá pín ọ̀nà: nígbà òjò, òun ń lọ sí àwọn abà tó wà lẹ́yìn odò, èmi ń lọ sí apá Ọyẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti le. Nígbà ẹ̀rùn, a tún ń jọ lọ síbi kan náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó fi páànù bo yàrá ẹ̀yìn yẹn. Ọwọ́ ìyá mi jinná, ṣùgbọ́n kò lè gúnyán mọ́, ìyàwó mi ló ń gún un fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀rùn, jíìpù méjèèjì wà níwájú ilé ìyá mi, tèmi àti tirẹ̀, a fẹ́ lọ kó kòkó. Ìyá mi jáde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kí mi, ó béèrè bí mo ṣe sùn, ó sì lọ wọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ó dùn mí. N kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé kò dùn mí. Mo ṣáná sí ọkọ̀ mi, mo sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.